Ògiri orúkọ àwọn ọlọ́pàá tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ní Washington: ẹ kọ́kọ́ lọ síbi ògiri kẹ́ ẹ tó wọ mùsíọ̀mù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwa tá à ń gbé apá Maryland níbí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí àlejò bá ti ilé dé, ibì kan náà là ń kó wọn lọ ṣáá, White House, òkúta gogoro Washington yẹn, ká ya fọ́tò níwájú Capitol, ká padà sílé lọ gúnyán, ó tán. Èmi náà ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún kẹsàn-án mi rèé níbí. Àbúrò mi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá ló sọ fún mi pé wọ́n kó àwọn lọ síbì kan láàárín Washington DC, pé tí mo bá débẹ̀ màá mọ ohun tóun tọrùn bọ̀. Mo ní ṣé o fẹ́ dẹ́rù bà mí ni? Ó ní rárá o sìsì mi, ẹ ṣáà lọ wò ó.

Mo wá lọ ní Sátidé kan nínú oṣù kẹrin. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i torí gbogbo ohun tí mo kà nípa ibẹ̀ kí n tó lọ, wọ́n á kàn ní ó dáa, ó mọ́, ó pa èèyàn lẹ́kún, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

Ibi méjì ni o, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni ibi ìrántí fúnra ẹ̀, National Law Enforcement Officers Memorial, ìta gbangba ni, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru lèèyàn lè lọ. Èkejì ni National Law Enforcement Museum tó wà lójú E Street lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ṣí i lọ́dún 2018, abẹ́ ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà, ìyẹn lẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì sí. Ẹ wo wẹ́ẹ̀bù wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé kẹ́ ẹ lè mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí àti iye tí wọ́n ń gbà.

Ẹ má gbé mọ́tò lọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mo gbé mọ́tò lọ sí DC lọ́dún tó kọjá, iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi níbì kan tí mo páàkì sí fún wákàtí mẹ́ta, tí màámi bá gbọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn á tún gbéra. Metro, tiréènì ìlú yẹn, ni kẹ́ ẹ wọ̀. Èmi wọ Orange Line ní New Carrollton, mo bọ́ sílẹ̀ ní Metro Center, mo wọ Red Line tó ń lọ Glenmont, ibùdókọ̀ kejì ni Judiciary Square. Tẹ́ ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà F Street jáde, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Èmi ò mọ̀ o, mo ti dá obìnrin kan dúró tí mo ń bi í pé jọ̀ọ́, ibo ni ibi ìrántí àwọn ọlọ́pàá, ó kàn nàka sí ilẹ̀ tí mo dúró lé, ó bú sẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ.

Kìnìún lẹ máa kọ́kọ́ rí, idẹ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ẹni tó ṣe wọ́n ń jẹ́ Raymond Kaskey. Àgbà kìnìún wà níbi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣọ́ àwọn ọmọ ẹ̀, wọ́n sì kọ ẹsẹ Bíbélì yẹn sára ọ̀kan, èyí tó wà nínú Ìwé Òwe pé olódodo láyà bíi kìnìún. Ọmọdékùnrin kan gun ọmọ kìnìún kan bí ẹni gun ẹṣin, màmá ẹ̀ ń pariwo pé kó sọ̀ kalẹ̀, ó tún ní kó dúró sójú kan kí àwọn ya fọ́tò ẹ̀ ná. Inú mi dùn sí i. Mo ti rò pé ibi tí gbogbo èèyàn á ti fajú ro ni.

Ògiri náà wá ni gan-an. Méjì ni, ó tẹ̀ bí ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 304, máàbù aláwọ̀ eérú tó ń ṣe bíi búlúù díẹ̀ ni. Àmọ́ kò ga. Ẹ̀yin náà ẹ rántí àwọn ògiri ìrántí tá a máa ń rí nínú fíìmù, tó ga ju èèyàn lọ, teèyàn á máa wò ó bí ẹni ń wo òrùlé. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Tó o bá fẹ́ ka orúkọ, wàá bẹ̀rẹ̀ ni, tó bá wá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni orúkọ ẹni tó o wá wà, wàá kúnlẹ̀. Mo rí bàbá òyìnbó kan tó sanra dáadáa, ó mú ọwọ́ kan ti òkúta, ó rọra kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni ìkejì, ó ṣe é bí ọmọ Yorùbá tó ń kí bàbá ìyàwó. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí àwọn tó kọ́ ọ ní lọ́kàn nìyẹn àmọ́ ó wọ̀ mí lára.

Orúkọ tó wà lára ẹ̀ ti ju 24,000 lọ. Nígbà tí Ààrẹ Bush bàbá ṣí i ní 15 oṣù kẹwàá ọdún 1991, ó lé díẹ̀ ní 12,000, ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún un tí ìgbà òtútù bá ti ń lọ. Owó tí àwọn aráàlú dá ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, kì í ṣe owó ìjọba.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú níbẹ̀ ni pé wọn ò to orúkọ yìí rárá. Kì í ṣe A B D, kì í ṣe ọdún, kì í ṣe ìlú. Ẹni tó kú lọ́dún 1920 lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó kú lọ́dún tó kọjá, ṣẹ́rífù abúlé kan ní Texas á wà lókè, ọlọ́pàá New York á wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo ní àwọn èèyàn yìí ò ṣe é dáadáa o, báwo lèèyàn ṣe máa rí ẹni ẹ̀? Ìwé atọ́nà wà níbẹ̀, o máa yẹ orúkọ ẹni náà wò, wọ́n á fún ẹ ní nọ́ńbà, bíi kó ní 30, kó wá ní E tàbí W, ìyẹn ògiri apá ìlà oòrùn tàbí apá ìwọ̀ oòrùn, kó wá sọ ìlà tó wà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ tuntun ń bọ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n bá tò ó ní A B D, ibo ni wọ́n fẹ́ ki ẹni tuntun bọ̀? Kódà wọ́n ṣì ń rí àwọn àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó rántí wọn, wọ́n á wá ẹ̀rí, wọ́n á sì gbẹ́ orúkọ wọn síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ kú sẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, Isaac Smith, ọdún 1792 ló kú ní New York.

Àmọ́ nígbà tí mo ti rìn ín dé ìdajì, inú tó ń bí mi ti rọ̀. Torí pé wọn ò tò ó, kò sí bó o ṣe lè wá ẹnì kan tí wàá mójú kúrò lára àwọn yòókù. Mo ń wá J. D. Tippit, ọlọ́pàá Dallas tí wọ́n yìnbọn pa lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n pa Ààrẹ Kennedy ní 1963, gbogbo ayé mọ ti Kennedy, ta ló ń rántí ti Tippit? Kí n tó dé ibi tó wà, mo ti ka orúkọ tó tó ogójì sókè, mo tiẹ̀ ń pè wọ́n lẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá méjìléláàádọ́rin (72) tó kú ní 11 oṣù kẹsàn-án 2001 náà wà níbẹ̀, wọ́n wà láàárín àwọn yòókù.

Ibi tọ́rọ̀ wá dé nìyí. Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin kan wà níwájú mi tó fẹ́ fi pẹ́ńsùlù ha orúkọ sórí pépà, ẹ mọ̀ pé ẹ máa tẹ́ pépà sórí òkúta, ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù pa á, orúkọ náà á yọ funfun. Pépà ń fò. Mo bá a di etí ẹ̀ méjèèjì mú. Ó pa á parí, ó ní òun ṣọpẹ́, àwọn jọ wọ mọ́tò iṣẹ́ kan náà fún ọdún mẹ́fà ni. Ó wá bi mí pé ta lèmi wá wò.

Mo ní n ò wá wo ẹnì kankan o, pé bàbá mi náà ṣe ọlọ́pàá nílé, ó ti fẹ̀yìn tì, báráàkì la ti dàgbà. N ò sì mọ ohun tó mú mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Bàbá Ìbejì fún un. Yàrá wọn ló kángun sí tiwa. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé wọ́n á gbé bàtà wọn síta, wọ́n á fi itọ́ àti Kiwi nù ún, wọ́n á fi àkísà aṣọ òwú pa á títí a fi máa rí ojú wa nínú ẹ̀, àwa ọmọdé á wá tò, ẹni tó bá gba omi wá á dé béréètì wọn rìn dé ẹnu kànga. Ìyá Ìbejì ń dín àkàrà láàárọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n lọ síbi iṣẹ́, àwọn adigunjalè pàdé wọn lójú ọ̀nà, wọn ò padà wálé mọ́. Orúkọ wọn wà lára ilẹ̀kùn wọn, ọ̀dà funfun, CPL (ìyẹn kọ́púrà), orúkọ, nọ́ńbà. Nígbà tí ìyàwó wọn kó lọ, ẹni tó wọ yàrá náà fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kun ilẹ̀kùn, àmọ́ kò kùn ún dáadáa, mo ṣì ń rí 4 kan lábẹ́ ẹ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin yẹn gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó wá ní, kí lorúkọ ẹ̀? Mo ní Bàbá Ìbejì. Ó ní kí nìyẹn túmọ̀ sí, mo ní bàbá àwọn ìbejì ni. Ó ní ó dáa, àmọ́ kí ni orúkọ òun fúnra ẹ̀?

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè nílé ìwé. N ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gbé mi sọ́rùn, tí mo jẹ àkàrà ìyàwó ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, n ò mọ orúkọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ti mùsíọ̀mù, torí mo wọbẹ̀ lẹ́yìn náà ni, ọkàn mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Hẹlikọ́pítà wà níbẹ̀, tòótọ́, èyí tó lọ yọ àwọn èèyàn nínú odò Potomac lóṣù kìíní 1982 nígbà tí bàálù kan kọlu afárá, tí bàálù náà sì já sínú omi yìnyín, ìyẹn dáa gan-an, mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Ẹ̀wù ayẹta Al Capone, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn Chicago ìgbà yẹn, náà wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ayẹta tàwọn òyìnbó rèé, kò ní ẹ̀jẹ̀ àkùkọ lára. Tábìlì J. Edgar Hoover, ọ̀gá FBI àtijọ́, wà níbẹ̀. Ibì kan wà tẹ́ ẹ ti lè jókòó kẹ́ ẹ máa dáhùn ìpè pàjáwìrì 911 bíi pé ẹ̀yin lẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ á fẹ́ràn ìyẹn. Ti ìbọn fídíò tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ pinnu bóyá ẹ máa yìn ín àbí ẹ ò ní yìn ín, èmi ò ṣe é. Wọ́n tún wá gbé ẹ̀wù RoboCop, ọlọ́pàá inú fíìmù yẹn, síbẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ibẹ̀ ni mo ti bínú díẹ̀, gbọ̀ngàn ìrántí tí àwòrán àwọn tó kú wà ń bẹ nínú ilé kan náà, kí ni RoboCop wá ṣe níbẹ̀? Àmọ́ gbọ̀ngàn yẹn fúnra ẹ̀ dákẹ́, àwòrán àwọn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ wọn kún ògiri ló wà níbẹ̀, òmíràn nínú wọn ò tíì ju àbúrò mi lọ. Mi ò lè pẹ́ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa sọ lọ́kàn ẹ̀ pé kí ló kàn mí pẹ̀lú ọlọ́pàá. Mo gbọ́. Èmi náà wà níwájú tẹlifíṣọ̀n nígbà ti George Floyd tí ọlọ́pàá pa, mo sì sunkún lórí EndSARS lóṣù kẹwàá 2020, àwọn ọmọ àdúgbò wa wà nínú àwọn tó jáde. Ọmọ báráàkì ni mí, mo mọ àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, mo sì mọ Bàbá Ìbejì. Àwọn méjèèjì ló wọ yúnífọ́ọ̀mù kan náà. Ògiri yẹn ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé èèyàn dáadáa ni ẹ́, ó kàn ní o kú sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ìyẹn ò bá tó fún, kò burú, kó má lọ.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí màámi lórí WhatsApp. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, fóísì nóòtì dé. Wọ́n ní, "Ó dáa o, ó rẹwà, òkúta wọn ń dán. Àmọ́ òkúta ò ṣeé sè jẹ. Ṣé wọ́n fún ìyàwó ẹ̀ lówó?"

Ẹ wò ó, ìyá mi ló yẹ kó wá kọ rífíù yìí. Mo ní wọ́n ń fún wọn mà. Òfin kan wà láti 1976, ìjọba àpapọ̀ níbí á san owó lẹ́ẹ̀kan fún ẹbí ọlọ́pàá tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, $50,000 ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó ti ju $400,000 lọ báyìí, owó ilé ìwé tún wà fún ìyàwó tàbí ọkọ àtàwọn ọmọ. Ẹgbẹ́ àwọn ẹbí tún wà, Concerns of Police Survivors, láti 1984, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí káǹpù. Màámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní nílé ńkọ́? Mo ní òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra inṣọ́ráǹsì fún òṣìṣẹ́ ẹ̀, pé tó bá kú, ó kéré tán, owó oṣù ẹ̀ ti ọdún mẹ́ta ni kí wọ́n san. Wọ́n ní ìyẹn ti bọ́ sẹ́yìn Bàbá Ìbejì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní àwọn sójà ní 15 oṣù kìíní tiwọn, wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Mo ní àwọn ọlọ́pàá náà ti ní ọjọ́ tiwọn nílé báyìí, 7 oṣù kẹrin, 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n kàn ṣe "hẹn-ẹ́n".

Ká tó gbàgbé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ibẹ̀ dákẹ́, ẹ má lọ ní àárín oṣù karùn-ún. 15 oṣù karùn-ún ni ọjọ́ ìrántí wọn, Kennedy yẹn náà ló fọwọ́ sí i ní 1962, ọ̀sẹ̀ yẹn gbogbo ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ló máa ń ya wọ DC, lálẹ́ ọjọ́ 13 wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á sì pe orúkọ àwọn tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá sì jẹ́ pé èrò lẹ fẹ́ rí, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, àmọ́ òtẹ́ẹ̀lì á ti kún. Oṣù kẹrin tí mo lọ yìí, òdòdó dáfọ́dìlì aláwọ̀ ìyeyè ló kún ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ mú omi dání, ẹ mú aṣọ tó nípọn díẹ̀ torí atẹ́gùn. Ìjókòó wà, igi wà, ìyá àgbà lè sinmi.

Ìràwọ̀: ògiri márùn-ún nínú márùn-ún, mùsíọ̀mù mẹ́ta àtààbọ̀, ààbọ̀ yẹn torí hẹlikọ́pítà.

Nínú tiréènì, nígbà tí mò ń padà, mo bi màámi pé kí lorúkọ Bàbá Ìbejì gan-an. Fóísì nóòtì tó wọlé gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọn ò dáhùn ohun tí mo bi wọ́n ní tààràtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo àwọn tó lọ síbi iṣẹ́ láti báráàkì wa tí wọn ò padà, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn níyàwó wọbẹ̀. Bàbá Rìsí, wọ́n mọ orúkọ tiẹ̀. Sájẹ́ńtì Òkè-Ọ̀nà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo wá nǹkan tí mo lè fi kọ ọ́, mo rí pẹ́ńsùlù ọkùnrin yẹn nínú báàgì mi, n ò mọ̀ pé mo mú un lọ. Mo kọ wọ́n sẹ́yìn rìsíìtì. Mọ́kànlá ni. Mẹ́ta wà níbẹ̀ tí màámi ò rántí ju Bàbá Báyìí-báyìí lọ, Bàbá Ìbejì sì wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Màámi ní ẹnì kan sọ pé Ìyá Ìbejì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, àwọn á bá mi wá nọ́ńbà ẹ̀.